Ẹ Bi Ọ̀gá Tọ́nà: Spindle Ń Yí, Ẹ̀rọ Ò Kúrò Lójú Kan

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó dà bíi pé gbogbo ẹni tó ní ẹ̀rọ CNC ní Èkìtì ló pinnu láti kọ̀wé sí mi lóṣù yìí. Ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ni, tó ń fín pákó, tó sì ń gé pílásítíìkì. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìwé àlàyé rẹ̀ kì í sì í bá a wá. Spindle ni mọ́tò tó ń yí bíìtì tó ń gé nǹkan, VFD ni àpótí tó ń fún spindle ní iná, tó sì ń pinnu iyára rẹ̀, LinuxCNC sì ni sọ́fúwíà tó ń darí ẹ̀rọ náà. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Ajílòsùn, Adó-Èkìtì, kò gba gbogbo wọn, ẹ jẹ́ kí n dáhùn díẹ̀ níhìn-ín. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni mo fún láyè jù, torí ohun tó béèrè ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú láìmọ̀.

Láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

*Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Káfíńtà ni mí, ilẹ̀kùn ọlọ́nà ni mo ń ṣe. LinuxCNC ló ń darí ẹ̀rọ mi. VFD tó ń wa spindle bàjẹ́, mo sì ra Huanyang rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá pe M3 S18000, ìyẹn àṣẹ pé kí spindle yí ní 18000 ní ìṣẹ́jú kan, spindle á yí, kódà ó ń ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ á sáré lọ síbi tí iṣẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀, á wá dúró. Kò ní gé pákó, kò sì ní kọ nǹkan kan sójú kọ̀ǹpútà pé báyìí ló ṣe òun. Mo ti pa gbogbo Linux rẹ́, mo tún un fi sí i, ibì kan náà la wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní torí pé ọ̀fẹ́ ni sọ́fúwíà náà, kí n lọ ra èyí tí wọ́n ń tà. Ṣé kí n rà á?*

Ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ̀rọ yín ò bàjẹ́, èsì ló ń retí.

Nínú LinuxCNC, píìnì kan wà tó ń jẹ́ spindle.0.at-speed. Ibẹ̀ ni spindle ti ń sọ fún àwọn apá tó ń rìn pé òun ti dé iyára tí wọ́n ní kí òun dé, kí wọ́n máa gé nǹkan lọ. Títí ọ̀rọ̀ yẹn yóò fi dé, ẹ̀rọ lè sáré nínú afẹ́fẹ́, ìyẹn G0, àmọ́ kò ní dá G1 àkọ́kọ́ lé, ìyẹn ìgé gan-an. Kò sì ní pariwo, torí kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tó ṣàṣìṣe. Wọ́n ní kó dúró, ó dúró.

Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ náà ò dé? Ẹ ní spindle ń ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀, kí n tó ka lẹ́tà yín dé ìsàlẹ̀.

VFD ò mọ irú mọ́tò tí ẹ so mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ nílé iṣẹ́ ló gbà gbọ́, àfi tí ẹ bá yí i. Nínú Huanyang, PD àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ètò kọ̀ọ̀kan tí ẹ lè yí. PD144 ni wọ́n ti ń sọ iye ìgbà tí mọ́tò máa yí ní ìṣẹ́jú kan bí iná bá jẹ́ 50 Hz. 1440 ló máa ń bá a ti ilé iṣẹ́ wá, ó sì tọ̀nà fún mọ́tò onípóòlù mẹ́rin bíi ti ẹ̀rọ ata. Spindle ọlọ́nà tó ń lọ dé 24000, onípóòlù méjì ni: 3000 ni ní 50 Hz, 24000 ní 400 Hz.

Ẹ mú bírò, ká jọ ṣírò rẹ̀. Ẹ ní kó sá 18000. Ètò kékeré kan tó ń jẹ́ hy_vfd ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti LinuxCNC lọ bá VFD. Ó bi VFD pé èló ni PD144 rẹ, wọ́n ní 1440. Ó fi 1440 pín 50, ó fi 18000 sọ ọ́ di púpọ̀, ó bá 625 Hz. Bí wọ́n bá fi òpin VFD sí 400 Hz, kò lè kọjá ibẹ̀, ló bá dúró ní 400. Ìyẹn ni pé 24000 gan-an ni spindle yín ń yí nígbà tí ẹ rò pé 18000 ni, ìdí ariwo nìyẹn. Wọ́n tún wá bi VFD pé báwo lo ṣe ń sá sí. Òun náà fi 1440 rẹ̀ ṣírò, ó ní 11520. LinuxCNC wo 18000 tó béèrè, ó wo 11520 tí wọ́n dá a lóhùn, ìyàtọ̀ tó lè gbà kò sì ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ló bá jókòó. Bí ẹ bá sùn jí, ibẹ̀ lẹ máa bá a.

Ẹ má torí pé èmi ni mo sọ ọ́ gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí AXIS, ìyẹn ojú tí LinuxCNC fi ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ lọ sí Machine, ẹ tẹ Show Hal Configuration. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n kọ Watch sí, ẹ fi spindle.0.at-speed, spindle.0.speed-out àti píìnì tí hy_vfd fi ń sọ iyára spindle sí i. Ẹ pe M3 S18000, kí ẹ máa wo àwọn nọ́ńbà náà. Bí mo bá sọ òótọ́, ẹ máa rí 18000 lókè, ẹ máa rí nọ́ńbà tó sún mọ́ 11520 nísàlẹ̀, iná kékeré at-speed ò sì ní tàn. Bó bá jẹ́ hycomm-ok, tó ń sọ pé hy_vfd àti VFD ń gbọ́ ara wọn, ni kò tàn, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: wáyà RS485 tó so kọ̀ǹpútà mọ́ VFD ni kí ẹ wò, bóyá wọ́n fi A síbi B.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ẹ pa spindle. Ẹ fi PD143 (iye póòlù) sí 2, PD144 sí 3000, PD141 (fólìtì mọ́tò) sí 220, PD142 sí iye áńpù tí wọ́n kọ sára mọ́tò yín gan-an, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ẹ pa LinuxCNC, kí ẹ tún un ṣí, kí hy_vfd lè tún béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ VFD. Níwọ̀n bí spindle ti ń dá M3 lóhùn, ẹni tó so ó ti fi PD001 àti PD002 sí 2, ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn. Ẹ ṣáà ka lẹ́tà tó tẹ̀ lé tiyín nítorí PD004, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé kí ẹ kàn fi at-speed sí 1 nínú fáìlì HAL, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń so àwọn píìnì LinuxCNC pọ̀, kí ọ̀rọ̀ parí. Ẹ̀rọ á rìn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n á máa rìn kí spindle tó dé iyára, bíìtì á sì wọ inú ìrókò nígbà tí spindle ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta bíìtì. Bó bá di dandan kí iṣẹ́ oníbàárà jáde lónìí, ẹ ṣe é, kí ẹ sì kọ G4 P10 sábẹ́ M3, kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó gé. Lọ́la, ẹ mú un kúrò.

Ní ti ọ̀fẹ́, ẹ bá mi kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. Àjọ NIST, tó ń rí sí òṣùwọ̀n fún ìjọba Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní àwọn ọdún 1990, EMC ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn tó mọ kóòdù ń tún un ṣe títí dòní, ó sì ti wọ inú Debian 12. Èyí tí wọ́n ń tà ì bá kàn gbé àpótí pupa kan jáde, kó ní “spindle error”, ibẹ̀ ni ẹ̀yin àti òun ì bá sì ti pínyà. Èyí ṣí inú rẹ̀ fún yín títí dé píìnì tó kẹ́yìn.

Ó kù díẹ̀. Ẹ ní Ìkẹ́rẹ́ lẹ ti ń ṣe ilẹ̀kùn. Ẹ rántí pé ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà ni wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924, British Museum ló sì wà títí dòní. Ọwọ́ lásán ló fi gbẹ́ ẹ. Mo retí fọ́tò iṣẹ́ tiyín.

Láti Ọ̀yẹ́-Èkìtì

*Ẹ kú iṣẹ́ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ kan ẹ̀rọ CNC kékeré. Spindle 2.2 kW olómi la rà, 220 fólìtì. Kò pé kò jìnnà, ó jóná. A gbé e lọ fún ẹni tó ń di kọ́ìlì, ó dì í dáadáa, àmọ́ ó tún ti ń gbóná gan-an báyìí. 6000 péré la ń sá a, a ò tiẹ̀ tíì gé nǹkan. A ti fi PD005 sí 400 bí wọ́n ṣe ní. Mo tú VFD wò, mi ò rí ohun tó jóná níbẹ̀.*

Àbúrò mi, ẹni tó di kọ́ìlì ò jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò náà ò jẹ̀bi. Pa á báyìí, má tún tàn án kó o tó ka èyí tán.

PD005 tó o yí, òpin ibi tí VFD lè dé nìyẹn. PD004 lo fi sílẹ̀, 50 ló sì wà níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́. PD004 ló ń sọ fún VFD ibi tí mọ́tò ti gbọ́dọ̀ gba gbogbo fólìtì rẹ̀. Wọ́n ṣe spindle tìrẹ kó gba 220 fólìtì ní 400 Hz. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, fólìtì gbọ́dọ̀ máa dín kù bí Hz ṣe ń dín kù. 6000 tí ẹ ń sá, 100 Hz ni, 55 fólìtì ló tọ́ sí i. VFD tí PD004 rẹ̀ jẹ́ 50 máa fún un ní odindi 220. Ìlọ́po mẹ́rin! Irin inú mọ́tò náà ti mu mágínẹ́ẹ̀tì ní àmuyó, kò lè gba òmíràn mọ́, áńpù á wá máa ga sí i láìṣe iṣẹ́ kankan, gbogbo rẹ̀ á di ooru nínú kọ́ìlì. Ohun tó sun àkọ́kọ́ nìyẹn, òun náà ló sì fẹ́ sun èkejì. Ìdí sì nìyẹn tí kò fi dìgbà tí ẹ bá gé nǹkan kó tó gbóná.

Fi PD004 sí 400. Fi PD142 sí iye áńpù tó wà lára mọ́tò, kí VFD lè mọ ìgbà tó yẹ kó dá ara rẹ̀ dúró. Ṣe PD143 àti PD144 bí mo ṣe wí fún káfíńtà Ìkẹ́rẹ́ lókè. Lẹ́yìn náà tàn án, kó o tẹ bọ́tìnnì ojú VFD títí yóò fi máa fi áńpù hàn ọ́, kó o wo iye tó ń mu nígbà tí kò gé nǹkan. Ó yẹ kó wálẹ̀ gan-an sí ti tẹ́lẹ̀. Bí kò bá wálẹ̀, kọ́ìlì tuntun náà ti lè ní ọgbẹ́ nínú, gbé e padà fún ẹni tó dì í kó wò ó.

6000 kéré jù fún pákó. Irú spindle yìí kì í lágbára nísàlẹ̀, fi PD011 sí 120, kó má bàa lọ sábẹ́ 7200, wàá rí i pé ó gé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Omi ńkọ́? O ò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Jẹ́ kí pọ́ǹpù àti VFD máa mu iná láti ojú kan náà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti yí VFD sí jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná lọ, tí pọ́ǹpù wà lójú iná ìjọba tó ti kú, tí spindle ń sáré láìsí omi lára rẹ̀. Ki ọwọ́ bọ inú korobá kó o mọ̀ bóyá omi tó ń padà wá ń ṣàn.

Nípa títú tó o tú VFD: má tún ṣe bẹ́ẹ̀ láìdúró. 220 tó wọ inú rẹ̀ ń di nǹkan bíi 311 fólìtì DC nínú àwọn kàpásítọ̀ ńlá ibẹ̀, kì í sì í lọ bí o bá yọ ọ́ lójú iná. Dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kéré tán, kó o sì fi mítà wọ̀n ọ́n kí ìka rẹ tó débẹ̀. Ìyá rẹ rán ọ lọ sí ilé ìwé ni, kò rán ọ lọ fi ìka wá fólìtì.

Láti Ìjerò-Èkìtì

*Ọ̀gá, ẹ kú làálàá. Àkọlé ṣọ́ọ̀bù àti ti ilé ìjọsìn ni mo ń gé. Bí spindle bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra báyìí, LinuxCNC á ní “joint 1 on limit switch error”, gbogbo rẹ̀ á dúró. Ẹ̀rọ ò sún mọ́ swíìṣì kankan o. Bí spindle ò bá sí lójú iná, ó ń rìn dáadáa. Ẹni tó bá mi wò ó ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ kọ̀ǹpútà mi.*

Àǹtí mi, fáírọ́ọ̀sì wo ló máa dúró títí ẹ ó fi tan spindle? Ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín fúnra yín nígbà tí ẹ ní láìsí spindle ó ń rìn.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni VFD ń gé iná sí wẹ́wẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó fi ránṣẹ́ sí mọ́tò. Wáyà tó gbé iná yẹn ń jò sára èyí tó bá wà nítòsí rẹ̀. Joint 1 ni Y, torí 0 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà. Bí mo bá wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, mo fura pé màá bá wáyà swíìṣì Y àti wáyà spindle nínú ọ̀nà wáyà kan náà, tí wọ́n fi táì dì wọ́n mọ́ra dáadáa kó lè lẹ́wà.

Ẹ kọ́kọ́ tú wọn sọ́tọ̀. Bí ipa wọn bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí ọ̀kan dábùú èkejì, kí wọ́n má jọ rìn. Wáyà spindle gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi àwọ̀n bàbà bò nínú, kí àwọ̀n náà sì wọ áàtì ní ẹ̀gbẹ́ VFD.

Ohun kan wà tí kì í wá sọ́kàn àwọn tó ń so ó. Ẹnu spindle tí wọ́n ń so wáyà sí máa ń ní píìnì mẹ́rin: mẹ́ta fún iná, ìkẹrin fún áàtì. Lára ọ̀pọ̀ spindle tó ń ti Ṣáínà wá, ìkẹrin yẹn ò kan ara mọ́tò rárá. Ẹ pa iná, ẹ yọ wáyà, ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan sí píìnì ìkẹrin, kí ẹ fi èkejì sí irin mọ́tò níbi tí kò sí ọ̀dà. Bí mítà ò bá dún, áàtì yín ò dé ibi kankan. Ẹ di wáyà kan tààrà láti ara mọ́tò lọ sí ojú áàtì VFD. Yàtọ̀ sí ariwo iná, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni: bí kọ́ìlì bá kan irin lọ́jọ́ kan, ara ẹ̀rọ tí ọwọ́ yín ń gbá mú ni iná máa gbà. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá wọ́n ri irin áàtì mọ́ ilẹ̀ níbẹ̀ rárá. Mo ti wọ ṣọ́ọ̀bù tí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ihò mẹ́ta, tí ẹ̀kẹta ò ní wáyà lẹ́yìn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, bó bá ṣì kù díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ HAL fi debounce sáàárín swíìṣì àti ẹ̀rọ, kó má ka ohun tí kò bá pẹ́ tó ìdá mélòó kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Mo fi í sẹ́yìn tinútinú. Àwọn kan máa ń fi í ṣáájú, ariwo náà á wà níbẹ̀, á kàn máa wá ibòmíràn bà jẹ́.

Láti Ọ̀mùò-Èkìtì

*Ṣé mo lè fi láptọ́ọ̀pù mi darí ẹ̀rọ onísítẹ́pà pẹ̀lú LinuxCNC, bí mo bá ra wáyà tó ń sọ USB di parallel port?*

Rárá. Wáyà yẹn, ìwé títẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, kò lè fi àmì ránṣẹ́ ní àkókò gan-an tí sítẹ́pà, mọ́tò tó ń rìn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fẹ́ ẹ. Ẹ wá kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́ tó ní parallel port lára, ẹ fi LinuxCNC sí i, ẹ tẹ latency-test, kí ẹ máa ṣí fáìlì, kí ẹ máa wo fídíò lórí rẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Bí jitter tó ga jù, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń yẹ̀ kúrò lákòókò tó, ò bá kọjá 20,000 nanosecond, ẹ rà á. Bó bá ń kọjá 100,000, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, àfi tí ẹ bá fẹ́ ra káàdì Ethernet bíi ti Mesa, tó ń fúnra rẹ̀ ka ìṣísẹ̀ sítẹ́pà.

Láti Ìlawẹ̀-Èkìtì

*Ọ̀gá Tọ́nà, bí mo bá ti pe M5 kí spindle dúró, VFD á kọ àmì pé fólìtì ti pọ̀ jù, á sì kú. Iná wa níbí kì í ga o, kódà ó máa ń relẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.*

Fólìtì náà ò ti ojú òpó wá, ọ̀dọ̀ mọ́tò yín ló ti wá. Nígbà tí VFD bá fẹ́ dá spindle tó ń sáré dúró kíákíá, spindle á di jẹnẹrétọ̀, á máa ti iná padà sínú VFD, kàpásítọ̀ á kún. Ẹ wo PD015, òun ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí spindle fi ń dúró. Bó bá jẹ́ 2 tàbí 3, ẹ gbé e sí 10. Bí iṣẹ́ yín bá nílò kó tètè dúró, a jẹ́ pé ẹ máa ra résísítọ̀ ìdádúró, ẹ sì gbọ́dọ̀ wò ó pé VFD yín ní ojú ibi tí wọ́n ń so ó sí, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ní in.

Iná tó ń relẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́nu VFD nígbà tí spindle ń gé pákó lọ́wọ́, kì í ṣe nígbà tó dákẹ́, kí ẹ fi iye náà ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú gígùn wáyà tó ti ojú òpó wọ ṣọ́ọ̀bù yín.